Bí mo ṣe yẹ ABS wò kí n tó sanwó mọ́tò

Nígbà tí mo fẹ́ pààrọ̀ mọ́tò, Corolla ni mo fojú sí, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2008. Kò síbi tí èèyàn máa gbé e dé tí kò ní rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà. Ìbàdàn ni mo ń gbé, iṣẹ́ mi a sì máa gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìjẹ̀bú-Òde, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Mo wá sọ fún ara mi pé èyí tí mo bá máa rà gbọ́dọ̀ ní ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dúró gbagidi téèyàn bá já lu bíréèkì, ABS náà sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Pé kó ní in kò le. Pé kó máa ṣiṣẹ́ ló lé mi káàkiri ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi ń wá a, torí ọ̀pọ̀ tó ń tà á gan-an kò mọ ohun tó ń ṣe. Tí ẹ bá já lu bíréèkì lójijì lójú títì tó tutù, táyà á dúró gbagidi, ṣùgbọ́n mọ́tò ò ní dúró, yíyọ̀ ni á máa yọ̀ lọ. Ẹ yí sítíárìn sósì, ẹ yí i sọ́tùn-ún, ibi tó dojú kọ tẹ́lẹ̀ náà ló ń lọ, torí táyà tí kò yí mọ́ ò lè darí ọkọ̀. ABS ní sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí. Tó bá rí i pé ọ̀kan fẹ́ dúró gbagidi nígbà tí mọ́tò ṣì ń sáré, á tú bíréèkì ibẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, á tún fún un, á tún tú u, lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹ tó ṣẹ́jú. Kò sí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà tó lè yá tó yẹn. Èrè rẹ̀ ni pé ẹ lè tẹ bíréèkì dópin kí ẹ sì tún ráyè yà fún ọlọ́kadà tó já sí yín níwájú. Ọkọ̀ òfuurufú ló ti ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ọdún 1978 ni Bosch àti Mercedes-Benz gbé irú èyí tí a mọ̀ lónìí sínú S-Class.

Àwọn kan rò pé iṣẹ́ ABS ni láti mú kí mọ́tò tètè dúró. Lójú ọ̀dà tó tutù, ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà oko, níbi tí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ wà, mọ́tò tí kò ní in lè tètè dúró jù ú lọ: táyà tó dúró gbagidi máa ń wọ́ yẹ̀ẹ̀pẹ̀ jọ síwájú ara rẹ̀, òkìtì yẹn á sì bá a dá ọkọ̀ dúró. ABS kì í jẹ́ kí òkìtì ráyè jọ. Àjọ NHTSA, tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde ní 2009 tí mo fẹ́ràn torí pé kò pọ́n ABS ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n rí i pé ó dín ìjàǹbá tí kò la ẹ̀mí lọ kù ní ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún fún mọ́tò kéékèèké, àti ìdá 8 fún jíìpù àti píkọ́ọ̀pù. Ní ti ìjàǹbá tó ń pààyàn, àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà: ẹni tí mọ́tò kọlù lójú títì dín kù, mọ́tò tó ń gbá mọ́tò nínú òjò náà dín kù, àmọ́ àwọn tó ń já kúrò lójú ọ̀nà wọ igbó pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ní torí ABS òun lè máa sáré àsápajúdé nínú òjò, kó lọ ka ìlà tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi ò wá a torí eré. Títì ibi tí mò ń rìn ni mo rò, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù lè dúró sẹ́nu kòtò láì tan iná kankan.

Ọ̀dọ̀ dílà kan ni mo kọ́kọ́ lọ. Tòkunbọ̀ ọdún 2006 ni ó fà jáde, ó mọ́ tónítóní, inú rẹ̀ ṣì ń ta sánsán. Mo wọlé jókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́ débi tí gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, mi ò sì sitáàtì rẹ̀. Iná yẹ́lò kan wà tí wọ́n kọ ABS sí láàárín róbótó. Ó yẹ kó tàn nígbà yẹn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kó sì kú fúnra rẹ̀. Kò tàn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Tí ABS bá wà, ẹ máa rí àpótí irin kékeré kan tí páìpù bíréèkì tín-ín-rín pọ̀ lára rẹ̀, tí wáyà tó nípọn sì wọ̀ ọ́ lórí. Kò sí nǹkan tó jọ ọ́ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ò fi í sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá, ẹni tó bá fẹ́ ABS nínú Corolla ìgbà yẹn ló ń san owó lé e. Ti 2009 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí gbogbo rẹ̀. Torí náà, Corolla méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan ní in kí èkejì má ní.

Dílà wò mí títí. "Ọ̀gá mi, bíréèkì yìí mú dáadáa. Àbí ẹ fẹ́ fi ṣe rálì ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò purọ́ fún mi, bíréèkì rẹ̀ mú lóòótọ́. Ká ní owó ọwọ́ mi ò tó ni, mọ́tò yẹn ni ǹ bá rà, tí ǹ bá sì fi owó tó kù ra táyà tuntun. Mọ́tò tí kò ní ABS rárá tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí tó ní in tí wọ́n ti bà á jẹ́ lọ.

Irú èyí tí wọ́n ti bà jẹ́ ni mo sì bá níbòmíràn. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí, torí ó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo yí kọ́kọ́rọ́, iná ABS tàn. Inú mi dùn. Mo ń dúró kó kú, kò kú. Mo tún dúró. Mo wá sitáàtì ẹ́ńjìnnì, iná ọ́ìlì kú, iná bátìrì kú, iná ABS náà kú tẹ̀ lé wọn wẹ́kú. Mo pa á, mo tún un ṣe, bákan náà ló rí. Iná ABS tó ń ṣiṣẹ́ kò ní í ṣe pẹ̀lú pé ẹ́ńjìnnì sitáàtì tàbí kò sitáàtì. Ó ń yẹ ara rẹ̀ wò ni, tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, á kú. Ti ọ́ìlì ló ń dúró de ẹ́ńjìnnì. Réwáyà kan ló ti fa wáyà iná ABS mọ́ ti ọ́ìlì kí ẹni tó fẹ́ rà á má baà fura. Mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mo bá àpótí ABS níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé e, wọ́n sì fi okùn ike so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ń tà á ní àwọn tó gbé e wọlé ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Mo kí i pé ó dàárọ̀.

Ohun tó ń dùn mí nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ABS kì í sábà bàjẹ́ látorí àpótí yẹn, tó jẹ́ pé òun ló wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, sẹ́ńsọ̀ ẹyọ kan ni, tàbí wáyà rẹ̀ tó já lẹ́yìn táyà, tàbí ẹrẹ̀ tó bò ó.

Èyí tí mo padà rà wà lọ́wọ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Òun ló ti ń lò ó láti ìgbà tó ti dé Nàìjíríà. Mo yí kọ́kọ́rọ́, iná ABS tàn, mo sitáàtì, kò kú, ó ń wò mí lójú. Bàbá ò bò ó. "Ó ti pẹ́ tó ti ń tàn, ọmọ mi. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó máa ṣe é, bíréèkì ń mú." Òótọ́ ni wọ́n sọ fún wọn dé ìdajì: tí iná yẹ́lò yẹn bá dá tàn, bíréèkì lásán ṣì wà, ABS nìkan ló ti gba ìsinmi. Tí iná bíréèkì pupa bá bá a tàn ni kí ẹ má ṣe gbé e kúrò lójú kan.

Mo mú mekáníìkì mi lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń yẹ mọ́tò wò. Ẹ jẹ́ kó yé ẹni tẹ́ ẹ bá mú lọ pé ẹ̀rọ pọ́ọ́kú tó ń ka ti ẹ́ńjìnnì nìkan kò ní rí ABS. Tirẹ̀ rí i: kóòdù C0210. Nínú Toyota, sẹ́ńsọ̀ táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni ìyẹn. Wọ́n jáàkì ẹ̀yìn sókè. Ọ̀gá mekáníìkì na ọwọ́ sẹ́yìn táyà, ó sì fa wáyà kan jáde tí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lófìfo, tí ẹrẹ̀ ti gan mọ́ ọn nínú. "Wọ́n ti pààrọ̀ họ́ọ̀bù rí," ó ní. Nínú Corolla yìí, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn wà lára họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí wọ́n ń de táyà mọ́, àti béárìn pọ̀. Nígbà tí béárìn Bàbá ń hó, ẹni tó tún un ṣe ra họ́ọ̀bù mọ́tò tí kò ní ABS, torí òun ló pọ̀ lọ́jà. Ó wọlé, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí, kò kàn níbi tí wọ́n máa ti wáyà sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ni.

A yọ owó họ́ọ̀bù kúrò nínú iye tí Bàbá pè. Mo san àsansílẹ̀, a sì fẹnu kò pé tí iná bá kú tí mo sì dán an wò ni màá san èyí tó kù. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ní àwọn náà fẹ́ rí i kó kú. Ní Àràròmí, ní Agodi Gate, mo ní kí ẹni tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò gbé oríṣi họ́ọ̀bù méjèèjì wá. Ẹ yí ẹ̀yìn wọn padà: ọ̀kan ní ihò ike níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ń wọ̀, èkejì dí pẹlẹbẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Wọ́n dè é, wọ́n nu ẹnu wáyà náà, wọ́n tì í bọ̀ ọ́, wọ́n pa kóòdù rẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́: iná tàn, ó sì kú kí n tó fọwọ́ kan sitáàtà. Bí mo ṣe gbé e kúrò ní gàréèjì, eré rẹ̀ ò tíì ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kíákíá lọ tí mo fi gbọ́ "kọ̀ọ̀" kékeré kan nísàlẹ̀ bónẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rù ìró yẹn. Pọ́ǹpù ABS ló ń yẹ ara rẹ̀ wò.

Kí n tó dán an wò lójú òjò, mo wo táyà, torí ABS kan kì í fún táyà tó ti pá ní eyín. Lára táyà, lẹ́yìn DOT, nọ́ńbà mẹ́rin ló máa ń kẹ́yìn: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Èyí tó bá jẹ́ 2311, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Táyà Bàbá ti gbó. Owó tí mo ná sórí táyà ju ti họ́ọ̀bù lọ fíìfíì, kò sì dùn mí.

Àárọ̀ ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn òjò, mo gbé e lọ sí títì kan nínú ẹ́sítéètì tí ọkọ̀ kì í gbà, mo rí i pé kò séèyàn níwájú, kò séèyàn lẹ́yìn. Mo sáré dé 40, mo sì fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Pẹ́dà gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi, ó ń ti ẹsẹ̀ mi padà gìrìgìrì, ìró bí ẹni ń lọ òkúta sì ń jáde níwájú. Mi ò gbé ẹsẹ̀ kúrò. Mo yí sítíárìn sósì díẹ̀, mọ́tò gbà, ó yà, ó dúró. Mo san ìyókù owó fún Bàbá lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tó bá lè ra ti ọdún 2012 sókè láti Amẹ́ríkà kò ní máa bèèrè bóyá ó ní ABS. Òfin wọn níbẹ̀ ti sọ ọ́ di dandan pé mọ́tò tuntun gbọ́dọ̀ ní ESC, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí mọ́tò yọ̀ kúrò níbi tí dẹ́rẹ́bà darí rẹ̀ sí, èyí tí Toyota ń pè ní VSC, orí ABS ló sì dúró lé. Ti wáyà tí réwáyà fà gba ẹ̀yìn ṣì wà níbẹ̀ o, ẹ ṣáà wo iná.

Àbúrò mi ọkùnrin náà máa ń wà á. Wọ́n ti kọ́ ọ nígbà tó ń kọ́ mọ́tò pé nínú òjò, kó máa tẹ bíréèkì kó máa tú u, kó máa tẹ̀ ẹ́ kó máa tú u. Fún mọ́tò tí kò ní ABS, ẹ̀kọ́ gidi ni. Fún eléyìí, ẹni bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń já iṣẹ́ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Mo gbé páálí òfìfo kan sójú títì ẹ́sítéètì yẹn, mo ní kó sáré wá, kó tẹ̀ ẹ́ dópin, kó sì yà fún un. Bí pẹ́dà ṣe gbọ̀n, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó sì gun páálí mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan kan já lábẹ́ rẹ̀!"

Mo ní nǹkan kan ò já, kó padà sẹ́yìn. Ìgbà tó tún wá, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó di eyín, ó yí sítíárìn, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó kù nínú páálí náà. Ló bá ní kí òun tún un ṣe. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀, epo bẹntiróòlù ò dínwó.