A ti pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, wọ́n ṣì ń ka lẹ́tà wa

Láti ọdún dé ọdún, ìbéèrè kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́, àwọn tó ń ṣọ́ ìdìbò àti àwọn agbẹjọ́rò tó ń gbèjà mẹ̀kúnnù ń gbé wá nípa ààbò fóònù, íméèlì àti kọ̀ǹpútà wọn. Ìgbà tí iná bá ti ràn mọ́ òrùlé tán ni wọ́n sì sábà máa ń béèrè. A kó àwọn ìdáhùn jọ síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á nígbà tí ara ṣì rọ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n ti gba WhatsApp olùdarí wa, wọ́n ń fi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn alátìlẹ́yìn wa. Ibo ni wọ́n gbà wọlé?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ni fóònù ló fi ẹnu ara rẹ̀ ka kóòdù onínọ́ńbà 6 tí WhatsApp fi ránṣẹ́ fún wọn. Ẹ fi nọ́ńbà náà forúkọ sílẹ̀ lórí WhatsApp padà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ kóòdù tuntun tó wọlé nípa SMS, ẹni náà ti jáde nìyẹn. Bí wọ́n bá wá ń béèrè PIN tí ẹ kò mọ̀, a jẹ́ pé ó ti fi tirẹ̀ sí i: ẹ ó dúró fún ọjọ́ 7, ṣùgbọ́n òun náà kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, Account, Two-step verification, ẹ fi PIN onínọ́ńbà 6 sí i, kí ẹ sì fi íméèlì kún un. Gbogbo òṣìṣẹ́ ni kó ṣe é lónìí, kì í ṣe olùdarí nìkan.

Ìbéèrè: Fóònù ń gbóná, dátà ń tètè tán. Ṣé wọ́n ń ṣọ́ wa ni?

Bátìrì tó ti gbó ló sábà máa ń jẹ́, tàbí Google Photos tó ń gbé àwòrán lọ. Ibi tó yẹ kí ẹ wò ni Linked devices nínú WhatsApp. Ẹ̀rọ 4 ló lè so mọ́ WhatsApp yàtọ̀ sí fóònù fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sì rí fóònù yín ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú kan péré lè so tirẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ yọ ọ́.

Ìbéèrè: Ẹnìkan pè, ó ní òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni òun, ó ní kí a tẹ \*21\*, ká tẹ nọ́ńbà kan, ká wá tẹ #. A ti tẹ̀ ẹ́.

Ẹ ti darí gbogbo ìpè yín sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ ##002# kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ẹ wá tẹ \*#21# láti rí i dájú pé ó ti kúrò. WhatsApp lè pe nọ́ńbà kó sì fi ohùn ka kóòdù. Ìpè yẹn ló ń wá.

Ìbéèrè: Síìmù akọ̀wé wa kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti àárọ̀, ti àwọn yòókù ládùúgbò sì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti gba síìmù mìíràn jáde lórí nọ́ńbà yẹn. Kí akọ̀wé mú NIN lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, kí ẹ sì pe báńkì kí ó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí jàǹbá yìí tóbi ni pé SMS ni gbogbo àkáǹtì yín gbára lé. Ẹ fi àpù tó ń pèsè kóòdù lórí fóònù fúnra rẹ̀, bíi Google Authenticator tàbí Aegis, rọ́pò SMS. Kọ́kọ́rọ́ USB bíi YubiKey tún sàn ju ìyẹn lọ, torí kò ní dáhùn rárá lórí ojúlé ayédèrú tí wọ́n bá tan yín lọ. Méjì ni kí ẹ rà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan máa gbé ilé, nítorí ọ̀kan yóò sọnù.

Ẹ wo nọ́ńbà ìgbàpadà tó wà lórí àkáǹtì náà pẹ̀lú. A máa ń rí nọ́ńbà òṣìṣẹ́ tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta lórí àkáǹtì ẹgbẹ́. Nọ́ńbà tí a kò lò mọ́, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń gbà á padà, wọ́n á sì tún un tà fún ẹlòmíràn.

Ìbéèrè: Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù Gmail ọ́fíìsì. Ẹni náà ṣì ń mọ ohun tí a ń kọ. Kí ló kù tí a kò ṣe?

Èyí ló ń gba ọjọ́ mọ́ni lọ́wọ́ jù lọ, òun náà ni àwọn ènìyàn fi ń rò pé ìjọba ti fi ẹ̀rọ ńlá ṣọ́ àwọn, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ibi tí wọn kò ṣí wò ni gbogbo rẹ̀ wà. Lílé olè gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde kò ní láárí bí fèrèsé ẹ̀yìn bá ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ tẹ̀lé e bí a ṣe tò ó, torí bí ẹ bá yí ètò rẹ̀ padà, ẹ ó tún un ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà yẹn sílẹ̀. Bí Windows tàbí Microsoft Office orí rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n já ìdè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ gbà pé ó ṣeé ṣe kí kòkòrò tó ń jí ìwífún ti bá a wọlé. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ń kó páswọ́ọ̀dù tí Chrome tọ́jú, ó sì ń kó kúkì. Kúkì ni àmì tí Gmail fún kọ̀ǹpútà yín lẹ́yìn tí ẹ wọlé, kó má baà tún máa bi yín ní páswọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá jí i, a kò ní bi í ní páswọ́ọ̀dù, a kò sì ní bi í ní kóòdù ìgbésẹ̀ kejì. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò ràn án: orí kọ̀ǹpútà kan náà ni ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ sì ń fi páswọ́ọ̀dù tuntun lé e lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá kọ̀ǹpútà mìíràn tó mọ́, tí ó ti gba àtúnṣe tuntun. Fóònù kò ní tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí àpù Gmail kì í fi gbogbo ètò hàn. Ẹ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ẹ ṣí Security nínú Google Account, kí ẹ lọ sí Your devices, kí ẹ lé gbogbo ẹ̀rọ jáde, títí kan àwọn tí ẹ mọ̀. Ẹ wo íméèlì àti nọ́ńbà ìgbàpadà. Ẹ wo àwọn àpù tí wọ́n ti gba àṣẹ láti wọ inú àkáǹtì, nítorí pípààrọ̀ páswọ́ọ̀dù kì í já gbogbo wọn. Èyí tí kò bá sí ẹni tó lè sọ ohun tó ń ṣe, ẹ já a.

Nísinsìnyí, ẹ ṣí Gmail, ẹ tẹ àmì ètò lókè, ẹ tẹ See all settings. Ẹ lọ sí Forwarding and POP/IMAP. Bí àdírẹ́sì àjèjì bá wà níbẹ̀ tí lẹ́tà ń gbà lọ, ẹ yọ ọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dúró: wọ́n á rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n á ní ara àwọn dá. Ara yín kò tíì dá. Ẹ kọjá sí Filters and Blocked Addresses. Fílítà ni òfin tó ń sọ ohun tí Gmail yóò ṣe sí lẹ́tà tó bá wọlé. Ọ̀kan ṣoṣo lè máa darí lẹ́tà sí àdírẹ́sì mìíràn láìsí pé Forwarding fi hàn pé gbogbo lẹ́tà ń jáde. A lè kọ ọ́ sínú fílítà pé lẹ́tà tó bá ní ọ̀rọ̀ bíi "security alert" kó wọ inú pàǹtí tààrà, kí ìkìlọ̀ Google má baà kàn yín lójú. A tún lè kọ ọ́ pé lẹ́tà olùfúnnilówó kan pàtó kó fo Inbox, kó sì fara hàn bí èyí tí ẹ ti kà. Fílítà kì í kú nígbà tí páswọ́ọ̀dù bá yí padà. Ẹ ka ìkọ̀ọ̀kan wọn sókè, kí ẹni méjì jókòó tì í; èyí tí kò sí ẹni tó lè sọ ìdí tó fi wà, ẹ pa á rẹ́.

Ẹ lọ sí Accounts. Lábẹ́ Grant access to your account, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ń ka lẹ́tà yín láti inú àkáǹtì tirẹ̀, kò nílò páswọ́ọ̀dù yín rárá. Lábẹ́ Send mail as, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fi àdírẹ́sì mìíràn sí ibi tí èsì máa ń padà sí. Lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì kan tó yàtọ̀ nínú àdírẹ́sì ti tó kí owó ẹ̀bùn bá ibòmíràn lọ.

Ní ìsàlẹ̀ Inbox, lápá ọ̀tún, ẹ tẹ Details. Yóò fi ìgbà tí wọ́n wọlé kẹ́yìn hàn yín, pẹ̀lú irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò. Bí ẹ bá wà ní Ìbàdàn tó sì kọ Èkó, ẹ má bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ṣe máa ń fara hàn. Ohun tó yẹ kó dá yín dúró ni ìwọlé láago mẹ́ta òru láti orí irú ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ọ̀rọ̀ ṣì ń jáde, ẹ gbà á rò pé kì í ṣe àpótí lẹ́tà tiyín ló ń jò. Lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ wà nínú àpótí ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí pẹ̀lú. Ẹ fi ọjọ́ ìpàdé kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ alábàáṣiṣẹ́ kìíní, ẹ fi ọjọ́ mìíràn ránṣẹ́ sí ìkejì, kí ẹ wá wo ọjọ́ tí yóò jáde síta. Èyí ti dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fura sí láre.

Kọ̀ǹpútà tí ẹ fi sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ kó ìwé àti àwòrán nìkan jáde, ẹ má kó ètò kankan. Ẹ gba Windows láti ojúlé Microsoft fúnra rẹ̀ sórí fláàṣì 8GB ó kéré tán, ẹ nu kọ̀ǹpútà náà pátápátá, kí ẹ tún un gbé kalẹ̀. Windows 10 kò gba àtìlẹ́yìn mọ́ láti 14 oṣù kẹwàá 2025. Bí kọ̀ǹpútà kò bá lè gbé Windows 11, Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, sàn ju ayédèrú lọ. Kí oníkálukú ní àkáǹtì tirẹ̀, kí páswọ́ọ̀dù wà nínú àpù tó ń tọ́jú páswọ́ọ̀dù, bíi Bitwarden tàbí KeePassXC. Àkáǹtì kan tí ènìyàn márùn-ún ń lò kò ní olúwa, kò sì sí ẹni tí a lè bi nípa rẹ̀. Ẹ má gbé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lọ fún oníṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pé kó bá yín nu fáírọ́ọ̀sì: orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí yín wà lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n lè dá wa dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n gba fóònù àti láàpútọ́ọ̀pù. Kí la lè ṣe ṣáájú?

Ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín, wọn kò lè gbà á. Láàpútọ́ọ̀pù tó ń lọ síbi ìwọ́de kò gbọ́dọ̀ gbé ìwé ẹjọ́. Ẹ tan BitLocker, ètò Windows tó ń ti ohun gbogbo inú kọ̀ǹpútà pa mọ́ ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Bí Windows yín kò bá ní in, ẹ lo VeraCrypt, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà BitLocker jẹ́ nọ́ńbà 48: ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kó wà níbòmíràn, nítorí bí ó bá sọnù, ẹ̀yin náà kò ní lè wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ rìn, ẹ pa láàpútọ́ọ̀pù pátápátá. Èyí tó kàn ń sùn ṣì di kọ́kọ́rọ́ mú sínú. Lórí fóònù, ẹ pa ètò tó ń fi ìka tàbí ojú ṣí i, ẹ lo PIN onínọ́ńbà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú Signal, àpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, máa parẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Telegram kì í fi kọ́kọ́rọ́ láti òpin dé òpin (tí ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó gbà á nìkan lè ṣí) pa ọ̀rọ̀ inú ẹgbẹ́ mọ́, ẹ má ṣe ìpàdé àṣírí níbẹ̀.

Lọ́dún 2020, yíyẹ fóònù àwọn ọ̀dọ́ wò lójú títì wà lára ohun tó bí ìwọ́de #EndSARS. Ẹ fi nọ́ńbà agbẹjọ́rò sórí, kó má jẹ́ inú fóònù nìkan ló wà.

Ìbéèrè: Ojúlé wa máa ń wó lulẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò gan-an.

Wọ́n ń rọ́ ìbéèrè ayédèrú lù ú títí yóò fi kú. Project Galileo ti Cloudflare àti Project Shield ti Google ń dáàbò bo irú ojúlé bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tọrọ rẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú. Ẹ múra fún ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kò ní sí pẹ̀lú: ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n pa á lọ́jọ́ ìdìbò ilé aṣòfin, 28 oṣù kẹrin 2019, ní Nàìjíríà, Twitter wà ní títì láti oṣù kẹfà 2021 di oṣù kìíní 2022. Ẹ fi VPN méjì àti Tor Browser, àwọn ètò tó ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá ìtìpa, sórí ẹ̀rọ kí ìtìpa tó dé. Fún ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá kú pátápátá, ìwé tí a tẹ̀, ìpè lásán àti alùpùpù ni ẹ ó lò, kí ẹni tí yóò gbé e ti mọ̀ ṣáájú.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló yẹ ká pe àwọn ọ̀mọ̀ràn?

Kíákíá, bí ẹ bá gba ìkìlọ̀ láti ọ̀dọ̀ Apple, Google tàbí WhatsApp pé ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ amí ń dojú kọ yín. Kì í ṣe àlá. Ní oṣù kẹjọ 2020, Citizen Lab ní Yunifásítì Toronto fi hàn pé wọ́n fi irinṣẹ́ NSO, ilé iṣẹ́ amí ti Ísírẹ́lì, dojú kọ bíṣọ́ọ̀bù kan àti àlùfáà Kátólíìkì kan ní Togo. Ní oṣù kẹwàá 2021, Amnesty International fi hàn pé wọ́n gbìyànjú láti fi ayédèrú àpù ìbánisọ̀rọ̀ tan ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan níbẹ̀, orí WhatsApp ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Àpù tó bá ti ọ̀nà mìíràn wá yàtọ̀ sí Play Store, ẹ má fi sórí fóònù, bó ti wù kí ẹni tó fi ránṣẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ tó. Lórí iPhone, ẹ tan Lockdown Mode, ètò tó ń ti ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí irinṣẹ́ amí lè gbà wọlé.

Access Now ní ìlà ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ aráàlú, tọ̀sán tòru, lọ́fẹ̀ẹ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pẹ̀lú àwọn mìíràn: help@accessnow.org. Ẹ kọ ọ́ láti orí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, irú fóònù, àti ohun tí ẹ ti fọwọ́ kàn. Bí ìwífún àwọn ènìyàn bá ti jáde, Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin náà, létí bí ewu bá wà fún wọn, nítorí náà ẹ kọ aago tí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ sílẹ̀. Ẹ má nu fóònù náà, ẹ má pa líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ rẹ́. Ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ dúró de èsì wọn.