Bẹ́ ẹ ṣe lè yan kẹ̀kẹ́ ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta

Ẹ̀yin ìyá ìkókó, kẹ́ ẹ tó sanwó kẹ̀kẹ́ ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ máa ń gbé ọmọ sí tẹ́ ẹ sì ń tì, ibo lẹ ti fẹ́ máa tì í? Tó bá jẹ́ inú páàkì tàbí ọ̀nà olókùúta, ó dáa gan-an, torí táyà ẹ̀ tóbi, ó sì rọrùn láti yí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń wọ bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀n lójoojúmọ́, ẹ wọn bó ṣe fẹ̀ tó, kẹ́ ẹ tún wọn búùtù mọ́tò yín, àwọn míì ò ní wọ̀ ọ́ àfi tẹ́ ẹ bá yọ táyà.

Ọmọ tuntun ò lè jókòó o! Ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣeé tẹ́ pẹrẹsẹ, kó sì ní bẹ́líìtì tó dì í mú léjìká méjèèjì, ní ìbàdí àti láàárín ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa fi sáré, ẹ ra èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún eré sísá, tí táyà iwájú ẹ̀ ṣeé tì pa, kẹ́ ẹ sì dúró kọ́mọ pé oṣù mẹ́fà ó kéré tán.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kó dojú dé. Táyà kan ṣoṣo ló wà níwájú, tẹ́ ẹ bá yí i lójijì létí títì ó lè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi báàgì ọjà kọ́ ọwọ́ ẹ̀, abẹ́ ni kẹ́ ẹ kó o sí. Táyà afẹ́fẹ́ máa ń jò, ẹ ra pọ́ǹpù mọ́ ọn.