Kí Ló Ń Mú Kí Etí Ọnà Ara Òkúta Máa Já? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Agbẹ́kùúta Àkúrẹ́

Ìṣòro kan wà tí àwọn tó ń gbẹ́ ọnà sára òkúta ilé ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀ máa ń bá pàdé ju gbogbo ìṣòro yòókù lọ, yálà orí òpó ni wọ́n ń gbẹ́ tàbí etí fèrèsé: etí ọnà máa ń já nígbà tí iṣẹ́ bá kù díẹ̀ kó parí. Lójú tèmi, bí a ṣe pín iṣẹ́ láàárín ẹ̀rọ àti ọwọ́ ló sábà máa ń fà á.

Ìbéèrè: Mò ń gbẹ́ ewé àti òdòdó yí orí òpó ká fún ilé kan ní Alágbàká. Òkúta akọ tí wọ́n gé wá láti apá Ìdànrè ni. Gíráíńdà ni mo fi la ojú àwọn ewé náà, mo wá ń fi ṣísẹ́lì tún un ṣe, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé etí, ńṣe ló ń já ní ègé-ègé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo òkúta náà fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú òkúta akọ Ìdànrè ló ní wóró ńláńlá nínú, àwọn tó máa ń kọ mànà bí oòrùn bá tàn sí ojú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Feldspar ni àwọn onímọ̀ òkúta ń pè é. Wóró yìí máa ń là ní ojú títẹ́jú, bí ó ti wù kí ṣísẹ́lì mú tó. Bí etí ewé yín bá tín-ín-rín ju wóró inú òkúta lọ, wóró kan ṣoṣo ló gbé etí náà dúró, tí òun bá sì ti là, etí ti lọ nìyẹn. Kí ẹ tó fa àwòrán kankan, ẹ da omi sí ojú òkúta kí wóró hàn dáadáa, kí ẹ wọn èyí tó tóbi jù lọ. Èmi kì í jẹ́ kí etí ewé tín-ín-rín ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Bí oníbàárà bá ta kú pé ewé tó fẹ́lẹ́ lòun fẹ́, ẹ bá a wá òkúta mìíràn. Nínú òkúta dúdú tí wọ́n ń pè ní charnockite, tó wà káàkiri Àkúrẹ́, a máa ń rí èyí tí wóró rẹ̀ kéré gan-an, ó sì máa ń gba ọnà wẹ́wẹ́ ju ti Ìdànrè lọ. Àwọn ère Èsìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara ní irun dídì àti ilà ojú tó ṣe kedere nítorí pé òkúta ọṣẹ, tó rọ̀, ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n Ọ̀pá Ọ̀rányàn ní Ifẹ̀, tó jẹ́ òkúta akọ, rí gbọọrọ, ìṣó irin ni wọ́n sì kàn mọ́ ọn lára.

Bí ẹ bá rí i pé wóró kọ́ ló fà á, ẹ wo ibi tí ẹnu ṣísẹ́lì ń kọjú sí. Ẹni tó bá ń lu ṣísẹ́lì láti àárín ewé bọ̀ síta ń ti etí náà kúrò lára òkúta ni, nítorí kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò dì í mú. Láti etí ni kí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa wọnú lọ. Ẹ gbé ẹnu ṣísẹ́lì lé ilà, ẹ dà á sẹ́yìn títí yóò fi sún mọ́ ìdajì láàárín ìdúró àti ìdùbúlẹ̀, kí ẹ wá máa fi òòlù kékeré lù ú lemọ́lemọ́ láìfi agbára. Nígbà tó bá ń lọ bó ṣe yẹ, ìró rẹ̀ á máa dún gooro, èérún á sì máa fò lọ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ìró náà bá ṣàdédé kú, ẹ dúró, ó ṣeé ṣe kí òkúta ti sán nínú níbẹ̀.

Ohun kẹta ni ẹ̀rọ. Gíráíńdà dára fún kíkó èyí tí a kò fẹ́ kúrò: ẹ fi gé ilà tó jọra, tó sún mọ́ra, kí ẹ fi òòlù ṣẹ́ àwọn pẹlẹbẹ tó bá kù láàárín wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ dúró nígbà tó bá ku mìlímítà 3 kó dé ilà yín, nítorí pé gbígbọ̀n rẹ̀ ń já etí lọ láìjẹ́ kí a tètè mọ̀. Mìlímítà 3 yẹn, ọwọ́ ló ni ín. Abẹ́ ewé, tí ẹ fẹ́ kó ṣófo kí òjìji lè wà níbẹ̀, ni kí ẹ gbẹ́ kẹ́yìn pátápátá.

Ìbéèrè: Dísìkì dáyámọ́ńdì tí mo rà kò gé mọ́. Ó kàn ń ta iná, òkúta sì ń dúdú. Ṣé ayédèrú ni?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dán èyí wò ná: ẹ fi gé búlọ́ọ̀kù tàbí bíríkì pupa lẹ́ẹ̀mélòó kan. Irin tó di dáyámọ́ńdì mú gbọ́dọ̀ máa jẹ díẹ̀díẹ̀ kí dáyámọ́ńdì tuntun lè yọ. Bí kò bá jẹ, ojú rẹ̀ á dán, yóò sì máa ha òkúta lásán. Òkúta líle fẹ́ dísìkì tí irin rẹ̀ rọ̀, nítorí náà èyí tí wọ́n ṣe fún òkúta tó rọ̀ tó sì ń jẹ irin kì í pẹ́ dán lójú òkúta akọ. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e sókè lóòrèkóòrè kó yí nínú afẹ́fẹ́ kó lè tutù. Bí jẹnẹrétọ̀ kò bá lágbára tó, tàbí wáyà tí ẹ fà gùn tó sì tín-ín-rín, ẹ̀rọ á máa falẹ̀, dísìkì kò sì ní lè gé dáadáa.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn gan-an. Àwọn kan máa ń tú ìbòrí gíráíńdà kékeré kí wọ́n lè de dísìkì ńlá mọ́ ọn. Ẹ̀rọ mìlímítà 115 sábà máa ń yí ní ìgbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ dísìkì mìlímítà 230 kò lè gbà ju nǹkan bí 6,600 lọ. Bó bá fọ́, kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́. Ẹ ka iye tí wọ́n kọ sára dísìkì kí ẹ tó dè é.

Ìbéèrè: Ẹnu ṣísẹ́lì tí alágbẹ̀dẹ rọ fún mi ń tẹ̀.

Ìdáhùn: Wọ́n ti jẹ́ kí iná pọ̀ jù lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dín líle rẹ̀ kù. Kí wọ́n tì í bọ omi nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ ìyeyè, kó tó di búlúù. Fún òkúta akọ, èyí tí wọ́n lẹ carbide, ohun kan tó le ju irin lásán lọ, mọ́ lẹ́nu ló dára jù. Bí ẹ bá ń pọ́n ẹlẹ́nu carbide yìí, ẹ má ṣe rì í bọ omi nígbà tó bá gbóná, yóò sán.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn tí mo ti dán òkúta tán, mo rí àwọn àmì funfun tí kò ṣeé fọ̀.

Ìdáhùn: Ojú ibi tí irin olórí ṣóńṣó ti lù ú ní ọ̀gangan ni, òkúta ti fọ́ sínú níbẹ̀. Kò sí oògùn rẹ̀ ju kí ẹ lọ ojú náà wálẹ̀ títí àmì á fi tán.

Ìbéèrè: Ṣé aṣọ tí a fi bo imú tó fún eruku rẹ̀?

Ìdáhùn: Kò tó rárá. Òkúta akọ ní sílíkà nínú, èyí tó wẹ́ jù lọ nínú eruku rẹ̀ kò ṣeé fojú rí, ó sì ń gba inú aṣọ kọjá dé ẹ̀dọ̀fóró. Àìsàn silicosis tó ń fà kò ní ìwòsàn. Ẹ lo ìbòmú tí wọ́n ṣe fún eruku irú rẹ̀, bí N95 tàbí P3, kó lẹ̀ mọ́ ojú yín dáadáa. Ẹ máa fi omi pa eruku, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún omi nìkan ni kí ẹ fi gé òkúta tútù, nítorí iná mànàmáná. Ẹ má ṣe fi ọwọ̀ gbá eruku gbígbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́, kí ẹ sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ mọ́ra nílé.

Ìbéèrè: Ewé kan ti já lára orí òpó tí mo ń gbẹ́. Ṣé kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́?

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ inú ilé ni òpó náà wà, gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n ń pè ní epoxy, tí ẹ po mọ́ èérún òkúta kan náà, lè ṣe é. Níta, oòrùn máa ń sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè, ibi tí ẹ lẹ̀ á sì hàn kedere. Bí ohun tó já kò bá ju mìlímítà díẹ̀ lọ, ẹ gbẹ́ gbogbo ewé yòókù sẹ́yìn dé ìwọ̀n kan náà kí wọ́n lè dọ́gba. Iṣẹ́ náà á pẹ́ sí i, ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún onílé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.