Bí a ṣe ń ṣe ìwádìí lórí àjọ, èésú àti owó ọjà láàárín àwọn ọlọ́jà Òṣogbo

Ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wọ Ọjà Ọba tàbí ọjà Ìgbọ̀nà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Olùbéèrè á máa túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bó ṣe dúró níwájú ìyá aláta, ẹnì kejì rẹ̀ tó wà ní ìsọ̀ ẹlẹ́ja á sì túmọ̀ ìbéèrè kan náà lọ́nà tirẹ̀. Tí ẹ bá ní olùbéèrè mẹ́fà, ìbéèrè kan lè ti di mẹ́fà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ìṣirò tó lè tún èyí ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti kúrò lọ́jà. Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí fi pẹ́ lórí bí a ṣe ń kọ ìbéèrè ní Yorùbá ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Kí ẹ tó kọ ìbéèrè kankan, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Fún àpẹẹrẹ: ta ló ń bá àwọn ọlọ́jà tọ́jú owó, kí ni wọ́n ń san fún un, kí ni wọ́n sì ń rí gbà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fún owó ọjà tí wọ́n ń san? Ìbéèrè tí kò bá wúlò fún gbólóhùn yẹn, ẹ yọ ọ́. Ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti tó. Ẹni tí oníbàárà ń dúró dè kò ní jókòó tì yín ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, bó bá sì jókòó, ìdáhùn ìparí á kàn jẹ́ èyí tí yóò fi lé yín lọ.

Ìyọ̀ǹda

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sọ́dọ̀ Ìyálọ́jà, kí ẹ sì lọ sọ́dọ̀ olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: aláta, ẹlẹ́ja, aláṣọ, oníṣu. Lẹ́tà nìkan kò tó. Ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn ní Yorùbá, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n bá fẹ́. Tí ẹ bá fo àwọn olórí wọ̀nyí, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ẹ bá fi máa dé ìsọ̀ kẹwàá, ìròyìn á ti gba ọjà kan pé àwọn agbowó-orí dé, gbogbo ènìyàn á sì sọ fún yín pé àwọn kò tà rárá láti oṣù mẹ́ta.

Ìlú Òṣogbo wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ méjì, Òṣogbo àti Ọlọ́rundá, ti Ọlọ́rundá sì fìdí kalẹ̀ sí Ìgbọ̀nà. Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi dídá ọjà sílẹ̀, ìtọ́jú àti àkóso rẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà ẹ mọ abẹ́ èyí tí ọjà kọ̀ọ̀kan wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ìwé ìbéèrè fúnra yín. Ẹ má bi ọlọ́jà. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lábẹ́ ìkan, tí ìsọ̀ rẹ̀ sì wà lábẹ́ èkejì, lè dárúkọ èyíkéyìí.

Iye ènìyàn tí ẹ máa bi

Ọdún 2006 ni wọ́n ka ènìyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ìkànìyàn náà kò sì sọ iye ìsọ̀ tó wà lọ́jà. Ẹ ó kà á fúnra yín. Ẹ ya àwòrán ọjà sórí ìwé, ìlà ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Kí ènìyàn méjì kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì fi iye wọn wéra. Níbi tó bá ti yàtọ̀, ẹ padà lọ kà á. Àwọn tó ń pàtẹ sílẹ̀ àti àwọn tó ń kiri, ẹ kà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí àwọn ni ìwádìí máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní àkáǹtì báǹkì.

Ká ní ìsọ̀ 2,000 ni ẹ kà. Láti mọ iye tí ẹ máa bi nínú wọn, ẹ pín 2,000 sí (1 + 2,000 × 0.05 × 0.05), ìyẹn 2,000 sí mẹ́fà. Ó jẹ́ 333. Ìtumọ̀ 0.05 yìí ni pé ẹ gbà kí èsì yín lè fi nǹkan bí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ṣí síwájú tàbí sẹ́yìn. Àwọn kan ò ní gbà láti dáhùn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gbà pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni yóò dáhùn: ẹ pín 333 sí 0.9, kó di 370. Ẹ wá pín 2,000 sí 370, ó lé díẹ̀ ní márùn-ún, torí náà ìsọ̀ karùn-ún karùn-ún ni ẹ ó máa yà sí, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ 400. Ẹ ṣẹ́ gègé láàárín ìkíní sí ìkarùn-ún láti mọ èyí tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o: 333 yìí wà fún ọjà náà lápapọ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ọjà kan wé òmíràn, tàbí ọkùnrin wé obìnrin, ìhà kọ̀ọ̀kan ló nílò iye tirẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ bi 333, kó wá kọ ọ́ pé àwọn aláṣọ, tí wọn ò ju ogún lọ nínú wọn, ń dá àjọ ju àwọn ẹlẹ́ja lọ.

Ìsọ̀ tí ẹ bá bá ní títì, ẹ padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Ẹ má fi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dípò. Ẹni tó ń ṣí ìsọ̀ lójoojúmọ́ àti ẹni tó ń ṣí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kì í tọ́jú owó lọ́nà kan náà.

Kíkọ ìbéèrè

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń béèrè. Nínú àjọ, alájọ ń wá gba iye kan náà lójoojúmọ́, ó ń sàmì sí káàdì, ó sì ń kó owó náà padà níparí oṣù lẹ́yìn tó bá ti yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń dá ₦500 fún ọgbọ̀n ọjọ́ dá ₦15,000, ó sì ń gba ₦14,500. Nínú èésú, ènìyàn mẹ́wàá lè máa dá ₦10,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnì kan máa kó ₦100,000 títí yóò fi yí kárí, ẹnì kan sì lè mú ọwọ́ méjì. Ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù tún yàtọ̀: ó ní ìwé, ó ń yáni lówó, ó sì ń pín èrè lọ́dún.

Ohun tó ń da ìwádìí rú ni pé ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń pe àjọ àti èésú ní “àjọ” báyìí. Ẹ má bèèrè pé “Ṣé ẹ ń dá àjọ?” Ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀:

“Ṣé ẹnì kan wà tó máa ń wá gba owó lọ́wọ́ yín, tó sì máa ń kó o fún yín padà tí oṣù bá parí?”

“Ṣé ẹ wà láàárín àwọn tó jọ ń dá owó, tí ẹnì kan ń kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí yóò wá kan ẹlòmíràn?”

Ọ̀rọ̀ gbèsè náà gba ìṣọ́ra. “Ṣé ẹ yá owó lọ́dún yìí?” kò sọ ẹni tó yáni àti ẹni tí wọ́n yá. Ẹ kọ ọ́ pé “Ṣé ẹ yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?” tàbí “Ṣé ẹ yá ẹnikẹ́ni lówó?” Owó tí wọ́n ń san padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní gbómúlélàńtán, ẹ má fi orúkọ yẹn béèrè. Èébú wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń san án lọ́wọ́ á sẹ́. Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, kò burú, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Ìbéèrè tó ní “kì í” tàbí “kò” nínú, ẹ gé e kúrò pátápátá. Ẹ bi ènìyàn pé “Ṣé ẹ kì í san owó ọjà?” Bó bá ní “Bẹ́ẹ̀ ni,” ohun tó ń sọ ni pé òun kì í san án. Olùbéèrè tó ti fi Gẹ̀ẹ́sì ro ìbéèrè náà á sàmì sí i pé ó ń san án.

Bákan náà ni ìwọ̀n onípele márùn-ún, láti “gbà gidigidi” dé “kò gbà rárá”. Tí ẹ bá kà á lẹ́ẹ̀kan fún àgbàlagbà, èyí tó gbọ́ kẹ́yìn ló máa mú. Ẹ pín in sí ìgbésẹ̀ méjì: “Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀ àbí ẹ ò gbà?” Lẹ́yìn náà: “Ṣé gan-an ni àbí díẹ̀?” Fún ìgbẹ́kẹ̀lé, hóró ẹ̀wà mẹ́wàá dára púpọ̀. Ẹ kó o fún un, ẹ ní kó fi iye tó bá ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ nínú alájọ mu sí ọwọ́ ọ̀tún.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ má bi obìnrin pé ọmọ mélòó ló bí tí ìwádìí yín kò bá nílò rẹ̀, owó kì í sì í sábà nílò rẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni iye ẹnu tí owó náà ń bọ́: “Ènìyàn mélòó ló ń jẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀ kan náà pẹ̀lú yín?” Èyí tún yanjú ọ̀ràn ilé olórogún, níbi tí agboolé jẹ́ ọ̀kan ṣùgbọ́n tí ìkòkò jẹ́ mẹ́ta.

Èrè pẹ̀lú, ẹ má bi í tààrà. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ra àpò gàrí kan, kóńgò mélòó ló wà nínú rẹ̀, èló ni wọ́n ń ta kóńgò, àpò mélòó ni wọ́n tà lọ́sẹ̀ tó kọjá, èló ni wọ́n fi kó o wá. Ẹ ó ṣírò èrè fúnra yín nílé. Fún ọjọ́ orí ẹni tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí i, ẹ lo ìṣẹ̀lẹ̀: ìgbà ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, ìgbà tí náírà dé, 1973, ìgbà tí Ọ̀ṣun di ìpínlẹ̀, 1991. Ọ̀wọ́n owó tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 dára fún ìbéèrè nípa àjọ, torí pé kò sí ọlọ́jà tó gbàgbé rẹ̀: “Kí ọ̀wọ́n owó yẹn tó dé, ṣé ẹ ti ń dá a lọ́dọ̀ ẹni yìí?”

Lórí ìjọba ìbílẹ̀, ẹ pè é ní káńsù báwọn ènìyàn ṣe ń pè é, kí ẹ sì béèrè ohun tí ojú rí. “Ṣé káńsù ń ṣiṣẹ́?” kò wúlò, ìbínú nìkan ni yóò mú jáde. Ẹ béèrè ẹni tó gba owó kẹ́yìn, iye tó gbà, bóyá ó já tíkẹ́ẹ̀tì, àti ohun tí wọ́n tún ṣe nínú ọjà láàárín ọdún kan: gọ́tà, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, iná, kíkó pàǹtírí. Láti fi ìyẹn wé ohun tó wọ àpò ìjọba, ẹ kọ̀wé béèrè ìwé owó tó ń wọlé láti ọjà lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn, wọ́n sì lè fi méje mìíràn kún un. Ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà yín tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yín kó túmọ̀ ìbéèrè Yorùbá náà sí Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí ohun tó kọ bá ti yàtọ̀ sí ohun tó wà lọ́kàn yín, Yorùbá ni kí ẹ tún kọ. Ẹ wá gbé e lọ bá ènìyàn mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọjà tí kò sí nínú ìwádìí, kí ẹ máa bi wọ́n pé: “Kí ni ẹ gbọ́ nínú ohun tí mo bèèrè?”

Olùbéèrè àti iṣẹ́ lọ́jà

Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ wọn, kí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti nọ́ńbà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ka ìwé kì í sábà mọ̀ pé ẹgbẹ̀ta jẹ́ 600, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin 700, ẹgbẹ̀fà 1,200, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ 1,500. Ìyá àgbà á sọ ẹgbẹ̀fà, ọmọ á kọ 600. Ẹ dán wọn wò, kí ẹni tó bá ṣì í má wọ ọjà. Ẹ fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí gbogbo ìbéèrè tí wọ́n máa kà lórí fóònù, kí “ọkọ” má baà di “oko” tàbí “ọkọ̀”.

KoboToolbox, ètò tí a fi ń gba ìdáhùn sílẹ̀ lórí fóònù, ń ṣiṣẹ́ lórí Android láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sínú fọ́ọ̀mù kan náà. Ẹ dí ààyè owó kí ó má gba iye tó ga tàbí tó kéré jù láìbéèrè lẹ́ẹ̀kejì. Orúkọ ọlọ́jà kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni. Ìwé tó so orúkọ ènìyàn mọ́ iye tó tọ́jú jẹ́ ewu fún un lọ́dọ̀ olè, nígbà mìíràn lọ́dọ̀ ọkọ pàápàá. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 náà béèrè pé kí ẹ dáàbò bo irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Olùbéèrè mẹ́fà tí kálukú ń bi ènìyàn mẹ́jọ lóòjọ́ á bi 48, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló máa gbà láti parí 400. Kí obìnrin bi obìnrin níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ kí wọn dáadáa kí ẹ tó ṣí fóònù: “Ẹ kú ọjà o, ẹ ó tà, ẹ ó jèrè.” Ẹ má yà sọ́dọ̀ ẹni tí kò tíì tajà àkọ́kọ́ láàárọ̀. Ẹ yẹra fún ọ̀sán Jímọ̀ títí wọ́n á fi kírun tán, àti ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí títà àti rírà kò rí bíi ti ìgbà yòókù. Oníbàárà bá dé, ẹ dúró. Ẹ má ṣèlérí owó tàbí ẹ̀yáwó. Ọṣẹ kan lẹ́yìn ìbéèrè ti tó, tí ẹ ò sì dárúkọ rẹ̀ ṣáájú.

Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí alábòójútó wo gbogbo fọ́ọ̀mù ọjọ́ náà. Ẹni tí àjọ rẹ̀ lóòjọ́ ju iye ọjà tó tà lóòjọ́ lọ, ẹ padà lọ bi í lọ́la. Kí alábòójútó sì padà sí ìsọ̀ kan nínú mẹ́wàá láti bi ìbéèrè mẹ́ta péré, kó mọ̀ bóyá olùbéèrè débẹ̀ lóòótọ́.

Tí ẹ bá parí ìṣirò, ẹ kọ èsì sí ojú ìwé kan ní Yorùbá, lẹ́tà ńlá, kò ju nọ́ńbà márùn-ún lọ. Ẹ kà á fún Ìyálọ́jà àti àwọn olórí ẹgbẹ́ kí ẹ tó kó iṣẹ́ sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí káńsù. Wọ́n á tọ́ka sí ohun tí kò bá ojú mu, ẹ kọ àtakò wọn sínú ìjábọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.