Kí katakata tó wọ oko yín, ẹ kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ wò

Òjò ńlá rọ̀ lóru, katakata dé láàárọ̀. Ẹ̀yìn Ìsẹ́yìn ni oko mi wà. Ọmọkùnrin tó wà á ní, "Ìyá, bí mo bá lọ báyìí, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó tún rí mi." Ẹ̀rù bà mí pé òjò àkọ́rọ̀ á kọjá lórí mi, ni mo bá ní kó wọlé. Oko náà wù mí nígbà tó ṣe tán: ilẹ̀ dúdú, ó sì ń dán. Dídán yẹn gan-an ló yẹ kó bà mí lẹ́rù. Ilẹ̀ tó bá ń dán níbi tí pláù, irin tí katakata fi ń tú ilẹ̀, ti gé e, ó ti tutù jù.

Nígbà tí àgbàdo ga dé orúnkún, àwọn ìlà kan pọ́n, wọn kò ga bí ẹgbẹ́ wọn. Bí oòrùn bá ti mú díẹ̀, ewé wọn a ká jọ. Mo fi ajílẹ̀ sí i, kò gbọ́. Mo wá fi ọkọ́ gbẹ́ ìdí ọ̀kan. Gbòǹgbò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí ínṣì 6, ó kan ibi líle, ó sì ṣẹ́rí gba ẹ̀gbẹ́ lọ bí ìgbà tí èèyàn ká ìgbọ̀nwọ́. Abẹ́ ibi líle yẹn tutù, omi wà níbẹ̀, gbòǹgbò kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ipa táyà ni gbogbo ìlà tó pọ́n náà wà.

Katakata lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 3, ìyẹn àpò àgbàdo 30, kílò 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí táyà mẹ́rin. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, iyẹ̀pẹ̀ di ara rẹ̀ mú, ó lè gbé ẹrù. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ńṣe ni ẹyọ iyẹ̀pẹ̀ ń yọ̀ lórí ara wọn, ihò kéékèèké tí omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà á sì dí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí táyà bá kọjá ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìbàjẹ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ẹ̀ka igi sàmì sí ọ̀nà tí katakata á gbà wọlé àti ibi tí á ti yí, ibẹ̀ náà ni mo sì ń lò lọ́dọọdún. Ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ tiẹ̀ burú ju katakata lọ; etí oko ni kó dúró, kí àwọn alábàárù gbé ẹrù lọ bá a.

Kí ẹ tó pe katakata, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ibi tí pláù máa dé. Ẹ má wo òkè ilẹ̀, ó máa ń tètè gbẹ tan èèyàn jẹ. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ fún un mọ́wọ́, ẹ jù ú sílẹ̀ láti ìbàdí. Bó bá fọ́ká, kó wọlé. Bó bá balẹ̀ pọ̀ọ̀ bí òkèlè àmàlà, ẹ dá katakata dúró. Bí awakọ̀ bá bínú, ẹ bẹ̀ ẹ́, àmọ́ ẹ má gbà fún un.

Láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti dì nísàlẹ̀, ẹ pọ́n ẹnu ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí òjò bá ti rin ilẹ̀ dáadáa, ẹ tì í wọlẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Bó bá ń lọ geere tó sì ṣàdédé kọ̀ ní ínṣì 6 sí 8, tí ẹ rìn síwájú tó tún kọ̀ níbi kan náà, pláù ló ti tẹ ibẹ̀ pa láti ọdún dé ọdún. Bó bá ń dún kẹ̀kẹ̀, tó kọ̀ níbí tó wọlé lọ́hùn-ún, òkúta wẹ́wẹ́ ni. Ilẹ̀ wa kún fún un.

Pláù kò lè tú ibi tó dì yẹn. Irin eléyín gígùn ló ń fọ́ ọ, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni kó wọ̀, kí ẹnu rẹ̀ sì kọjá ibi líle náà ní bí ínṣì 2. Bí ilẹ̀ bá tutù, yóò kàn là á kọjá bí ọ̀bẹ ṣe ń la ẹ̀kọ ni. Èmi kò rí irin yẹn yá. Òtìlí, irú ẹ̀wà kan tó ń dàgbà bí igi, ni mo gbìn sí ibi tó burú jù, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọdún méjì. Gbòǹgbò rẹ̀ lágbára. Bó bá jẹrà, ihò tó fi sílẹ̀ ni gbòǹgbò àgbàdo ń tọ̀.

Háárò, irin tó ń fọ́ ògúlùtu lẹ́yìn pláù, ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ilẹ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná bí èlùbọ́, òjò á lù ú pa, ojú rẹ̀ á dì, èhù kò ní lè yọrí. Ẹ má sì dáná sun pòròpórò. Rattan Lal, tó ṣèwádìí ilẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, láti 1970 títí di 1987, tó sì gba World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé lórí oúnjẹ, ní 2020, fi hàn pé ilẹ̀ tí a kò tú, tí a fi koríko bò, kì í jẹ́ kí àgbàrá gbé e lọ. N kò tíì lè fi pláù sílẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ìdajì oko mi kò rí i mọ́.

Lọ́dún kẹta, mo gbé ọ̀pá irin mi padà lọ síbi òtìlí. Ó wọlẹ̀ dé ínṣì 14 kó tó kọ̀. Ní ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ínṣì 7 ló ṣì wà.