Bí O Ṣe Lè Máa Kọ Èrò Ọkàn Rẹ Sílẹ̀: Lórí Ayé, Orin, Fíìmù àti Ìgbàgbọ́

Èrò kì í wọ́n ọ̀dọ́. Orin tó gbọ́ láàárọ̀, fíìmù tó wò mọ́jú, àdúrà tó ń gbà látọjọ́ yìí tí kò rí èsì, ọ̀rẹ́ tó dédé yí padà: gbogbo rẹ̀ ló ń jà lọ́kàn rẹ̀. Ohun tó wọ́n ni àkọsílẹ̀ tó tọ́jọ́. Púpọ̀ á ra ìwé tó rẹwà, wọ́n á kọ ojú ewé mẹ́ta, wọ́n á sì jù ú sábẹ́ ibùsùn. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ibi ìdájọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: "Ayé le," "Orin yẹn dùn kọjá sísọ," "Ọlọ́run tóbi." Gbólóhùn tó ti dájọ́ tán kò ní ibi tó tún ń lọ, kì í sì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń tán lẹ́nu ẹni tó ń kọ irú rẹ̀. Nítorí náà, ìlànà kan ló wà nídìí gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí: kọ ohun tí o rí tàbí tí o gbọ́ kí o tó kọ ohun tí o rò nípa rẹ̀.

Ìwé, bíírò àti aago

Ìwé A5 ló rọrùn jù. Ìdajì A4 ni, mìlímítà 148 ní ìbú, 210 ní gígùn. Ó ń wọ inú báàgì, ojú ewé rẹ̀ kò sì fẹ̀ débi tí òfìfo rẹ̀ á fi máa bà ọ́ lẹ́rù. Ra èyí tí wọ́n fi òwú rán lẹ́yìn. Èyí tí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já ní ewé kọ̀ọ̀kan tí o bá ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lójoojúmọ́. Bíírò lásán ni kí o lò, torí tàdáwà rẹ̀ kì í tètè ràn bí omi bá ta sí i. Bíírò jẹ́ẹ̀lì a máa sáré lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ràn, ó sì máa ń là kọjá sẹ́yìn ewé tó bá fẹ́lẹ́. Pẹ́ńsù ń pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ewé méjì ṣe ń fara gbo ara wọn.

Fóònù wúlò fún gbólóhùn kan tó bá sọ sí ọ lọ́kàn nínú ọkọ̀ tàbí lórí ìlà. Àmọ́ tó bá di pé o fẹ́ jókòó kọ̀wé, kọ́kọ́ pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan péré tó bá wọlé láàárín, èrò ti fò lọ.

Ìṣẹ́jú 15 ti tó. Fi aago sí i, kí o sì dáwọ́ dúró bó bá ti dún, kódà kí gbólóhùn má tíì parí. Gbólóhùn tí o fi sílẹ̀ lágbedeméjì ló máa fà ọ́ padà lọ́la. Ẹni tó fi wákàtí méjì kọ̀wé lálẹ́ àkọ́kọ́ ti bu iṣẹ́ tí apá rẹ̀ kò ní ká fún ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí alẹ́ kejì fi máa ń wúwo. Bí o bá pa ọjọ́ kan jẹ, má padà lọ dí i. Kọ déètì òní, kí o máa bá a lọ.

Ohun tó yẹ kó wà lójú ewé

Lókè, kọ déètì, aago àti ibi tí o wà. Lẹ́yìn náà, ìlà mẹ́rin sí mẹ́fà fún ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, láìsí "mo rò pé" tàbí "ó jọ pé" kankan nínú rẹ̀. Ìlà méjì fún bó ṣe ṣe ọ́ lára: ọ̀fun tó gbẹ, ẹ̀rín tó bọ́ láìròtẹ́lẹ̀, oorun tó dá. Ìgbẹ̀yìn, ìbéèrè kan ṣoṣo. Má dáhùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Wo gbólóhùn yìí: "Inú mi bàjẹ́ lónìí torí ọ̀rẹ́ mi kò kà mí sí." Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́, ọjọ́ kọ́jọ́. Wá wo èyí:

"Mo kọ̀wé sí i ní aago méjì. Ó kà á. Ní aago mẹ́rin, mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ àwòrán ẹlòmíràn. Mo ṣí ọ̀rọ̀ wa, mo tẹ 'Ó dáa,' mo pa á rẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún pa á rẹ́."

Kò sí "ìbànújẹ́" nínú ìkejì yìí, síbẹ̀ ó kún inú rẹ̀. Ohun tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé ó tú àṣírí fún ẹni tó kọ ọ́ pàápàá: dídákẹ́ ọ̀rẹ́ nìkan kọ́ ló ń dùn ún, ó ń bẹ̀rù láti béèrè. Tó bá jẹ́ "Inú mi bàjẹ́" ló kọ, kò ní rí ìyẹn láéláé.

Orin, fíìmù àti àwọn gbajúmọ̀

Gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lákọ̀ọ́kọ́, má kọ nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kejì, kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tí ara rẹ ti dáhùn: "2:14, ìlù dákẹ́, ohùn rẹ̀ nìkan ló kù." Lẹ́ẹ̀kẹta, wá ohun tó fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orin ló fa omi lójú rẹ. Ìlù tó dá dúró lójijì ni, tàbí ègbè tó wọlé lẹ́yìn tí olórin ti ń dá kọ ọ́ bọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o béèrè ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà, ta ló ń bá wí, àti kí ni kò lè sọ jáde. "Èmi" inú orin kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ olórin fúnra rẹ̀.

Ìlà kan ṣoṣo ni kí o dà kọ nínú ọ̀rọ̀ orin. Ẹni tó bá kọ gbogbo rẹ̀ ti fi èrò ẹlòmíràn kún ojú ewé tirẹ̀, bó bá sì di ọjọ́ tó fẹ́ gbé e síta, ọ̀rọ̀ orin òde òní ní olóhun, òfin sì wà lẹ́yìn olóhun.

Ní ti fíìmù, ìtàn rẹ̀ ni pàkúté. O bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 15 sì ti lọ kí o tó débi tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Fi gbólóhùn mẹ́ta pa ìtàn náà pọ̀, lẹ́yìn náà mú ìran kan péré: ta ló dúró, ta ló jókòó, kí ló wà lọ́wọ́ wọn, ta ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kí ni kámẹ́rà kọ̀ láti fi hàn?

Bó bá jẹ́ gbajúmọ̀ kan ló ń da ọkàn rẹ láàmú, ya ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n ní ó sọ. Kí o sì kọ tìrẹ kí o tó ka ti àwọn ará orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn tí o bá ti ka ogún èsì lábẹ́ fídíò, o kò ní mọ èyí tó jẹ́ èrò tìrẹ mọ́.

Ibì kan wà tí orin ìgbàlódé àti ìgbàgbọ́ ti ń pàdé: olórin tó pe Ọlọ́run nínú ègbè, òṣèré tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí pèpéle. Ṣé àdúrà ni, àbí ẹ̀rí, àbí ìyangàn? Yọ orúkọ Ọlọ́run kúrò nínú gbólóhùn náà, kí o wo ohun tó kù. Bí kò bá sí nǹkan kan tó yí padà, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí gbólóhùn náà bá wó lulẹ̀, ìyẹn náà yẹ ní kíkọ.

Ìgbàgbọ́

Ibí ló nira jù, torí pé ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ pọ̀ jù. "Ọlọ́run á ṣe é." "Gbogbo rẹ̀ á dáa." Òtítọ́ ni wọ́n lẹ́nu onígbàgbọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kí o má kọ wọ́n. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ìwé ni pé wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn kí èrò tó wọlé. Bí o bá ti kọ ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tó tẹ̀lé e báyìí: "Lónìí, ibi tí mo ti rí i ni…" Bí o kò bá rí nǹkan kan fi parí rẹ̀, kọ ọ́ pé o kò rí i. Ìyẹn náà kì í ṣe àìgbàgbọ́.

Lẹ́yìn ìwàásù, má gbìyànjú láti kọ gbogbo rẹ̀. Kọ gbólóhùn kan bí oníwàásù ṣe sọ ọ́ gan-an, kọ orí àti ẹsẹ tó kà, lẹ́yìn náà kọ ibi tí ọkàn rẹ ti gbọ̀n tàbí tí kò ti gbà. Tó o bá délé, ṣí ibi tó kà yẹn fúnra rẹ, kí o ka ẹsẹ márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀ àti márùn-ún tó tẹ̀lé e. Ẹsẹ tí wọ́n dá yọ lè dún lọ́nà kan, kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ sí i nígbà tó bá padà sáàárín àwọn ará rẹ̀.

Iyèméjì ńkọ́? Kọ ọ́ bí ìbéèrè tí o ń bi Ọlọ́run, má kọ ọ́ bí ìpinnu. Àwọn ìwé mímọ́ fúnra wọn gba irú rẹ̀ láyè. Sáàmù 13 béèrè lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ pé yóò ti pẹ́ tó, kó tó wá fi orin parí. Sáàmù 88 kò rí orin kankan fi parí. Inú òkùnkùn ló dúró sí, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì. Súúrà 93 nínú Kùránì bá Ànábì sọ̀rọ̀ pé Olúwa rẹ̀ kò pa á tì, kò sì bínú sí i. Nítorí náà, ojú ewé tó parí láìní ìdáhùn kò ní àbùkù kankan. Má fi "Àmín" tí kò ti inú rẹ wá dí i.

Fún alẹ́ tí o kò bá mọ ohun tí o máa kọ, yíyẹ ara ẹni wò ti wà tipẹ́. Ignatius ará Loyola, àlùfáà Kátólíìkì kan tí wọ́n tẹ ìwé ìdánrawò ẹ̀mí rẹ̀ jáde ní 1548, pín tirẹ̀ sí márùn-ún: dúpẹ́, bèèrè ìmọ́lẹ̀, yẹ ọjọ́ náà wò ní wákàtí dé wákàtí, tọrọ ìdáríjì, pinnu nípa ọ̀la. Àwọn Mùsùlùmí ní ti wọn, muhásábà, tí al-Harith al-Muhasibi, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù kan tó kú ní Baghdad ní 857 fi lókìkí. Fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan. Ibi yíyẹ ọjọ́ wò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sáré kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Fún un ní ìlà mẹ́ta bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ ni kí o kọ. Bí ojú ewé bá kún fún ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ilé, o ti kúrò lórí ọ̀nà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wúwo

Ní 1986, James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àti Sandra Beall tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ìṣẹ́jú 15 kọ̀wé lọ́jọ́ mẹ́rin léra wọn. Àwọn tó kọ ohun tó dùn wọ́n jù láyé, tí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn, ni ọkàn wọn bàjẹ́ sí i gẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù tó tẹ̀lé e, wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ tó àwọn yòókù. Nítorí náà, má jẹ́ kí ìbànújẹ́ ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lé ọ sá, má sì kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí o bá fẹ́ sùn. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ń padà wá tó sì ń le sí i, tàbí tó o bá rí i pé o ń kọ nípa bí o kò ṣe fẹ́ wà láàyè mọ́, pa ìwé dé. Lọ bá àgbàlagbà tí o fọkàn tán tàbí elétò ìlera lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìwé kò lè dá ẹrù yẹn gbé.

Kí ẹlòmíràn tó kà á

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 1944, Anne Frank, ọmọ Júù ọdún 14 tó ń fara pa mọ́ fún ìjọba Násì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n máa kó ìwé ìrántí àwọn aráàlú jọ lẹ́yìn ogun. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún tirẹ̀ kọ sórí ewé ọ̀tọ̀. Ó yọ àwọn ibì kan, ó sì to orúkọ mìíràn sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ohun tó ṣe yẹn ni kí ìwọ náà ṣe: fi àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o tún un kọ sí ibòmíràn.

Dúró fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Ìbínú tó bá ṣì gbóná lọ́jọ́ keje yẹ ní kíkọ jáde. Èyí tó pọ̀ jù kì í dé ibẹ̀. Mú ìbéèrè kan péré, fún un ní ọ̀rọ̀ 500 sí 600. Yíyí orúkọ padà nìkan kò tó, torí iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe àti ilé tó ń gbé lè tú u fó. Yí ìyẹn náà padà. Ohun tí ẹnì kan bá sọ fún ọ ní àṣírí, gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí o yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ka gbogbo rẹ̀ sókè. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni kí o tún kọ. Gbìyànjú pé kí o pa ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ rẹ́, kí o wo bóyá ẹnikẹ́ni máa mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀ rí.

Fi nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé látìbẹ̀rẹ̀, kí o sì fi méjì tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún atọ́ka. Ní ìparí oṣù, ka ohun tí o kọ láìtún nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀, kí o wá kọ kókó kọ̀ọ̀kan àti ojú ewé rẹ̀ sínú atọ́ka náà: àdúrà, 4, 11, 23; ẹ̀gbọ́n mi, 6, 7, 19. Kókó tó bá fara hàn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ni kí o mú nígbà tí o bá fẹ́ kọ ohun tó gùn. Bí ìwé bá kún, da àwọn ìbéèrè tí kò tíì rí ìdáhùn kọ sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé tuntun, pẹ̀lú déètì tí o kọ́kọ́ béèrè wọn.