Ẹ má di màmá mú: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń wo bí àgbàlagbà ṣe ń rìn

Bí ẹ bá bi màmá tó ti ń ta ẹja lọ́jọ́ pípẹ́ ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ pé, "Ẹsẹ̀ ńkọ́, mà?", "A dúpẹ́" ni yóò fi dá yín lóhùn. Ìdáhùn ìkíni nìyẹn, kì í ṣe ìròyìn ara. Àgbà kì í ro àìlera rẹ̀ fún ọmọ tó wá kí i fún wákàtí méjì péré. Síbẹ̀, "a dúpẹ́" yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbà gbọ́, òun náà sì ni àwa òṣìṣẹ́ ìlera máa ń kọ sílẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fi ara ṣe: "Ìgbà wo lẹ dé ọjà gbẹ̀yìn? Ṣé ẹ ṣì ń forí kanlẹ̀ bí ẹ bá ń kírun, àbí orí àga lẹ ti ń kí i? Láti ìgbà wo?" Bàbá tó ti orí ẹní bọ́ sórí àga láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti sọ ohun púpọ̀ fún yín nípa orúnkún àti itan rẹ̀ kó tó dìde rárá.

Lẹ́yìn ẹnu, ó kan ojú. Ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní Timed Up and Go, tí Podsiadlo àti Richardson gbé jáde ní 1991. Ẹni náà yóò dìde lórí àga, yóò rin mítà 3 dé ibi tí ẹ fàlà sí, yóò yí padà, yóò sì padà wá jókòó. Ẹ fi fóònù ka àkókò láti ìgbà tí ẹ bá sọ pé "Ó yá" títí ìdí rẹ̀ yóò fi kan àga. Bó bá gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, CDC, àjọ ìlera Amẹ́ríkà, ní kí a kà á mọ́ àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣubú.

Ọwọ́ wa la fi ń ba ìdánwò yìí jẹ́. Wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé ọmọ kì í jókòó wo àgbà tó ń tiraka láti dìde. Kí màmá tó gbéra, ọwọ́ wa ti dé abẹ́ apá rẹ̀. Mo ti ṣe é rí. Mo kàn di ìyá kan mú díẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dìde dáadáa. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ṣubú ní balùwẹ̀, níbi tí kò ti sí ọwọ́ mi. Ó ń dùn mí di òní. Ọwọ́ tí mo pè ní ọ̀wọ̀ ló fi àìlera rẹ̀ pamọ́ fún mi.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tọrọ gáfárà: "Ẹ má bínú, mà, mi ò ní fọwọ́ kàn yín. Bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ rí." Kí ẹ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀, níbi tí ẹ ti lè tètè gbá a mú bó bá fẹ́ ṣubú. Kí a má di í mú yàtọ̀ sí kí a fi í sílẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹ ràn án lọ́wọ́, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, nítorí èsì ni.

Àpótí kúkúrú kọ́ la fi ń ṣe é, ṣọ́fà pálọ̀ tó ti rì kọ́. Àwa tí ara wa le pàápàá kì í yára dìde níbẹ̀. Àga tó le, tó ní apá, tó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 46, ló yẹ.

Ti ìdánwò kejì yàtọ̀, níbi tí a ti ń ka iye ìgbà tí èèyàn lè dìde dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Àga tí kò ní apá là ń lò, ẹ fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, kí ẹni náà sì ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà. Ìyá tó wà láàárín ọdún 75 sí 79 tí kò lè dìde tó ìgbà 10, tàbí bàbá ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò tó ìgbà 11, wà nínú ewu. Àánú máa ń ṣe wá níbí yìí. Màmá a fọwọ́ ti itan, a ó sì kà á mọ́ ọn. Rárá o. Bí kò bá lè dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan, òdo ni kí ẹ kọ.

Ẹ jẹ́ kó wọ bàtà tó ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má gba ọ̀pá rẹ̀ nítorí pé ojú ń ti ẹ̀yin ọmọ.

Ẹ má sì tẹjú mọ́ fóònù nìkan. Ṣé ìṣísẹ̀ kéékèèké méje ló fi yí padà? Ṣé ó ń wá ògiri dì mú? Ṣé ńṣe ló já lu àga? Bí òyì bá ń kọ́ ọ nígbà tó dìde, kó dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn tó ti dúró fún ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú 3. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, ẹ sọ fún dókítà, kó yẹ oògùn tó ń lò wò.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni "àgbà ló dé". Ẹni tó rìn lánàá tí kò lè rìn lónìí, tàbí tí ẹsẹ̀ kan ń wọ́, ẹ má dán an wò nílé rárá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Fún àwọn tó kù, ẹ kọ ọjọ́, aago, bàtà, ọ̀pá àti irú àga tí ẹ lò sílẹ̀, kí ẹni tí yóò tún un wò ní oṣù mẹ́ta sí i lè lo àga kan náà.